Àwọn Pin Tí N Kò Wọ̀n

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9 Oṣù Kẹsàn-án

Báwo ni èèyàn ṣe ń ṣe ọ̀gá fún ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́? Ìbéèrè yìí ni kò jẹ́ kí n sùn. Aago méjì òru ti kọjá. Títílọpẹ́ ìyàwó mi wà lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́ nílé ìwòsàn, ilé pa rọ́rọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí Denise, ọ̀gá àgbà wa, ti fi mí ṣe alábòójútó shift ọ̀sán. Èèyàn mẹ́sàn-án, ẹ̀rọ mọ́kànlá tó ń gé irin. Uncle Gabriel Oyèwùmí wà lára àwọn mẹ́sàn-án náà. Nígbà tí mo dé Atlanta lọ́dún mẹ́tàlá sẹ́yìn, yàrá òkè nílé Uncle ní Redan ni mo sùn fún oṣù mẹ́jọ. Òun ló mú mi wọ ilé iṣẹ́ yìí. Òun ló dúró tì mí nídìí ẹ̀rọ, tó ń gbá mi lọ́wọ́ bí mo bá fẹ́ fọwọ́ kan irin tó ṣì ń yí. Lónìí, èmi ni mo ń sọ ìgbà tó lè lọ jẹun fún un.

Kò bínú. Ó ń pè mí ní "ọ̀gá wa" níwájú àwọn èèyàn, ó sì ń rẹ́rìn-ín. N kò mọ ibi tí mo lè gbé ẹ̀rín yẹn sí.

Iṣẹ́ ńlá ti wọlé: pin 6,000 fún ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn. Pin wọ̀nyí, irin róbótó kúkúrú, ló ń di bẹ́ẹ̀dì mú nígbà tí wọ́n bá ń gbé aláìsàn sókè. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n fún wa. Hajarah, ọmọbìnrin kan tí kò tíì pẹ́ tó dé, wà nídìí Ẹ̀rọ Kẹta, Uncle wà nídìí Ẹ̀rọ Kẹrin, ẹ̀rọ méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Àwọn méjèèjì ni yóò ṣe é.


Ọjọ́bọ̀, 11 Oṣù Kẹsàn-án

Pin àkọ́kọ́ tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan bá ṣe lójúmọ́, ẹni tó ṣe é á wọ̀n ọ́n, èmi náà á sì tún un wọ̀n kí n tó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù. Mo wọn ti Hajarah. Mo wọn ti àwọn yòókù. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ Uncle, mo yọ micrometer mi, irinṣẹ́ tí a fi ń wọn bí irin ṣe nípọn tó, jáde, ó sì wò mí.

"Mo ti wọ̀n ọ́n," ló wí. "Ó pé."

Mo dá micrometer padà sápò. Mo fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù.

Kí ni ǹ bá ṣe? Bí àgbà bá wọn nǹkan tán, tí ọmọdé tún gbé e wọ̀n lójú rẹ̀, ṣé kì í ṣe pé ó ń pè é ní òpùrọ́ nìyẹn? Mo ti ka ìwé tó kún pẹpẹ kan lórí bí wọ́n ṣe ń darí òṣìṣẹ́. Kò sí ọ̀kan tó mẹ́nu kan ojú tí Uncle fi wò mí.

Ooru ṣì mú bíi pé oṣù keje ni. Omi ọlọ́ràá tó ń mú irin tutù nínú ẹ̀rọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í rùn, òórùn náà sì bá mi délé.


Ọjọ́ Ajé, 15 Oṣù Kẹsàn-án

A ò rìn dé ibi tó yẹ. Pin 740 péré. Denise wá dúró lẹ́yìn mi lẹ́ẹ̀mejì, ó ń ka pin tó wà nínú agbọ̀n.

Mo wá ìdí rẹ̀. Mo dúró, mo ń kà á: láàárín wákàtí mẹ́rin, ìgbà mọ́kànlá ni Hajarah fi ẹ̀rọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ bá Uncle. Wọ́n á forí korí bí ẹni tó ń ka lẹ́tà láti ilé. Ẹ̀rọ Kẹta á dákẹ́ dúró dè é. Ọmọ Ìlọrin ni, kò tíì pé oṣù mẹ́rin pẹ̀lú wa, ó yára, ó sì mọ iṣẹ́. Ó ń fi owó iṣẹ́ yìí ka ìwé nọ́ọ̀sì. Mi ò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ àsọjù bà á jẹ́.

Mo gbé e lọ sí Ẹ̀rọ Kẹsàn-án, lẹ́bàá ilẹ̀kùn ńlá, kó máa ṣe pin rẹ̀ níbẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá Lékan," ló wí, "ṣé kò ní dáa kí n wà nítòsí Baba?"

Baba ló ń pe Uncle. Mo bi í pé kí nìdí. Ó wo ilẹ̀. Ó ní kò sí nǹkan kan, sà.


Ọjọ́bọ̀, 18 Oṣù Kẹsàn-án

Pin 1,900. Bí mo ṣe gbé Hajarah kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ Uncle ti so èso. Fún ìgbà àkọ́kọ́, mo rò ó pé mo lè ṣe iṣẹ́ yìí.

Uncle kọ micrometer tuntun tó ń tan nọ́ńbà. Ó ní bátìrì kò ní kọ́ òun bí a ṣe ń wọn irin. Èyí tó mú wá láti Ìbàdàn, tó ní ìlà wẹ́wẹ́ lára bí ẹsẹ̀ èèrà, ló ṣì ń lò.


Ọjọ́ Àìkú, 21 Oṣù Kẹsàn-án

Uncle ka Sáàmù ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó gbé Bíbélì dání, kò wò ó rárá, ó ń sọ ọ́ láti orí. Gbogbo ìjọ ní "Àmín" kó tó parí. Èmi jókòó sẹ́yìn, mo ń bi ara mi léèrè, bí mo ti ń ṣe lọ́jọ́ Àìkú gbogbo, bóyá ẹni kankan wà níbẹ̀ tó ń gbọ́ wa. N kò tíì sọ èyí fún Títílọpẹ́.

Ẹyin méjìlá ti tún gbówó lérí nílé ìtajà ní Snellville. Mo dá a padà sórí pẹpẹ, mo tún padà lọ mú un.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 23 Oṣù Kẹsàn-án

Wọ́n dá páálí kan padà. Pin 412. Wọ́n ní púpọ̀ nínú rẹ̀ tín-ín-rín jù, ó ń mì nínú ihò rẹ̀. Ẹni kan ní ilé iṣẹ́ wọn ló kíyè sí i kó tó di pé bẹ́ẹ̀dì jáde.

Denise pè mí sí ọ́fíìsì, ó ti ilẹ̀kùn. Ó bi mí pé ẹ̀rọ wo ni. Mo ní n kò mọ̀: inú agbọ̀n kan náà la ti ń fọ pin ẹ̀rọ méjèèjì kí wọ́n tó wọ páálí. Ó ní òun mọ̀. Uncle Gabriel ti lo ọdún mọ́kàndínlógún, kò sí ẹni tó dá iṣẹ́ rẹ̀ padà rí. Hajarah kò tíì parí oṣù mẹ́fà ìdánwò. Bí kò bá sí àlàyé mìíràn di ọjọ́ Ajé, òun yóò ní kó máa lọ.

Lẹ́yìn náà ló bi mí bóyá mo wọn pin àkọ́kọ́ ẹ̀rọ méjèèjì lójoojúmọ́.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Mo kọ ọ́ síbí kí n lè rí i lójú. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ohùn mi ò sì gbọ̀n.


Ọjọ́rú, 24 Oṣù Kẹsàn-án

Lẹ́yìn shift, nígbà tí gbogbo wọn lọ tán, mo da pin 412 sórí tábìlì, mo wọ̀n wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó pé ní ọ̀tún, àwọn tó tín-ín-rín ní òsì. Òsì gba 137.

Mo kó àwọn ti òsì sọ́wọ́ láti dà wọ́n sínú ọ̀rá. Ìgbà yẹn ni mo ṣàkíyèsí pé wọn ò gé mi. Pin tó jáde látinú ẹ̀rọ, ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Àwọn ti ọ̀tún ti ya mí níka lẹ́ẹ̀mẹta. Àwọn ti òsì dẹ̀ lẹ́nu. Ẹnì kan ti fi fáìlì, irinṣẹ́ tí a fi ń ha irin, ha wọn lẹ́nu yí ká, jẹ́jẹ́.

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní shift wa. Ìwé iṣẹ́ kò béèrè rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń san án fún un. Ó ní ọ̀gá tó kọ́ òun níṣẹ́ ní Mókólá, n'Ìbàdàn, kì í jẹ́ kí irin jáde ní ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ẹnu tó lè ya ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́.

Mo tún fọwọ́ kan ẹnu wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ń wá ọ̀kan péré tí ẹnu rẹ̀ mú. N kò rí i.


Ọjọ́bọ̀, 25 Oṣù Kẹsàn-án

Mo bá Hajarah níbi tábìlì oúnjẹ. Ó ń mu tíì, ìwé nọ́ọ̀sì rẹ̀ ṣí síwájú rẹ̀. Mo gbé pin méjì kalẹ̀, mo ní kó fọwọ́ kan ẹnu wọn. Ó fọwọ́ kàn wọ́n, ó sì dé ìwé rẹ̀.

Kò sọ fún mi títí mo fi sọ fún un pé ọjọ́ Ajé ni Denise fẹ́ ní kó máa lọ. Nígbà náà ló sọ ọ́. Ojú Baba ń fọ́. Nǹkan funfun kan ń bo ẹyin ojú méjèèjì, kò sì rí ìlà ara micrometer mọ́. Láti ọ̀sẹ̀ kejì tí Hajarah dé ni Baba ti ń pè é pé kó wá bá òun kà á. Ohun tó bá kà ni Baba ń tẹ̀ sínú ẹ̀rọ kó lè ṣàtúnṣe bí abẹ ẹ̀rọ ṣe ń gé irin.

Ìgbà mọ́kànlá láàárín wákàtí mẹ́rin. Èmi tí mo ń kà á!

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi nígbà tí mo ń gbé ọ kúrò níbẹ̀?"

"Kí n ní kí ni, Bọ̀ọ̀dá? Kí n ní Baba ò ríran?"

"Iṣẹ́ rẹ ló fẹ́ bọ́ yìí."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ìyá mi bá gbọ́ pé mo tú àgbàlagbà síhòòhò láàárín àwọn òyìnbó, ìyà tí màá jẹ á ju ti àìríṣẹ́ lọ." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, kò sì pẹ́ tí ẹ̀rín náà lọ. "Ẹ bá Baba sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ni ọmọ wọn."

Ó padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀ kí àkókò ìsinmi tó pé.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 27 Oṣù Kẹsàn-án

Mo lọ sí Redan. Uncle ń gé koríko iwájú ilé nígbà tí mo dé. Ìlà gígùn mẹ́ta ni ẹ̀rọ rẹ̀ fò dá, ó sì ń wo iṣẹ́ rẹ̀ bí ẹni tó tẹ́ lọ́rùn. Mo dọ̀bálẹ̀. Aunty, ìyàwó rẹ̀, gbé iṣu àti ọbẹ̀ ẹja wá, ó lọ sókè nígbà tó rí ojú mi.

N kò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo yọ pin kan jáde, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo. Mo ní wọ́n dá 137 irú rẹ̀ padà, àmì fáìlì sì wà lẹ́nu gbogbo wọn.

Ó jẹ iṣu tó wà lẹ́nu rẹ̀ tán. Ó ní láti oṣù kẹfà ni dókítà ti ní kí òun wá fún iṣẹ́ abẹ, ojú kan, lẹ́yìn náà èkejì. Ó ní bí òun bá kúrò nídìí ẹ̀rọ lọ́jọ́ kan, wọn ò ní jẹ́ kí òun padà. Òun ti rí i bí wọ́n ṣe ṣe fún àwọn mìíràn. Ọdún méjì péré ló kù kí òun fẹ̀yìn tì. Bí iṣẹ́ bá lọ, ìwé ìdójútòfò ìlera náà lọ nìyẹn, kí ni òun máa fi sanwó iṣẹ́ abẹ ọ̀hún?

Mo ní, "Ẹ̀ bá ti sọ fún mi, sà."

"Ìwé pin àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn, ta ló fọwọ́ sí i?"

"Èmi ni, sà."

"Ṣé o wọ̀n ọ́n?"

"Rárá, sà."

"Kí ló dé?"

"Nítorí pé ẹ̀yin ni, sà."

Ó na ọwọ́ wá pin náà lórí tábìlì. Ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ kọjá rẹ̀.

"Ṣé o rí i," ló wí, ohùn rẹ̀ rọ̀, "àwa méjèèjì la jọ wà nínú ẹ̀. Ọmọdé ni ọmọbìnrin yẹn. Ojú rẹ̀ ń ríran kedere. Kò síbi tí kò ti ní ríṣẹ́."

Mo jókòó sínú ọkọ̀ lẹ́yìn náà, n kò tan án. Ohun tó bí mi nínú jù ni pé fún bí ìṣẹ́jú kan, ọ̀rọ̀ rẹ̀ bọ́gbọ́n mu létí mi. Ọkùnrin tó ń fi fáìlì ha ẹnu irin kó má baà ya ẹni tí kò mọ̀ rí lọ́wọ́. Òun kan náà ló fẹ́ kí Hajarah gbé ẹ̀bi náà. N kò lè so méjèèjì pọ̀.


Ọjọ́ Àìkú, 28 Oṣù Kẹsàn-án

N kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Títílọpẹ́ ti iṣẹ́ dé láàárọ̀, ó bá mi ní ilé ìdáná, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo rò pé yóò sọ̀rọ̀ lórí oṣù mẹ́jọ tí mo fi sùn nílé Uncle, tàbí pé Uncle ló dúró bíi bàbá mi nígbà ìgbéyàwó wa. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó ń fọwọ́ tẹ ẹsẹ̀.

"Lékan, èmi ni mò ń gbé aláìsàn sórí irú bẹ́ẹ̀dì yẹn."

Mo ní mo mọ̀.

"Bí mo bá fẹ́ fún èèyàn ní abẹ́rẹ́ insulin, nọ́ọ̀sì mìíràn á wá wò ó kí n tó gún un. Àwọn kan ò ju ọmọ àná lọ. Ọdún kẹrìndínlógún mi rèé. Ta ni mo ti bá jà rí?"

Ó lọ sùn. Ó fi mí sílẹ̀ pẹ̀lú ìdáhùn tó rọrùn tó bẹ́ẹ̀ tí inú fi bí mi sí i.

Mo kọ lẹ́tà sí Denise. Mo pa á rẹ́, mo tún un kọ. Nínú èyí àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ Uncle ló ṣáájú, tèmi wà nísàlẹ̀ ní gbólóhùn kan. Nínú ẹ̀kẹta, mo yí i padà. Mo kọ ọ́ pé ìgbà mẹ́jọ ni mo fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù Ẹ̀rọ Kẹrin láìwọn pin rẹ̀; pé nígbà tí ó bi mí, mo purọ́; pé èmi ni mo gbé Hajarah kúrò níbi tó ti ń ran iṣẹ́ náà lọ́wọ́, n kò sì béèrè ìdí rẹ̀ dáadáa; pé pin tó bà jẹ́ kò ti ọwọ́ rẹ̀ jáde; pé Uncle Gabriel nílò iṣẹ́ abẹ ojú, kò sì gbọdọ̀ dúró nídìí ẹ̀rọ títí wọn yóò fi ṣe é.

Mo pe Uncle kí n tó fi ránṣẹ́. Kò gbé e. Mo fi ohùn sílẹ̀, mo sọ ohun tí mo fẹ́ ṣe. Mo fi lẹ́tà ránṣẹ́ ní aago méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 30 Oṣù Kẹsàn-án

Denise ka lẹ́tà náà lójú mi bí ẹni pé kò tíì kà á rí. Kò pariwo. Ó ní òun lè fara da pin tó bà jẹ́, ṣùgbọ́n òun ò lè fara da "bẹ́ẹ̀ ni" tí mo sọ yẹn. Ó gba ipò alábòójútó lọ́wọ́ mi. Hajarah dúró.

Ti Uncle ló yà mí lẹ́nu. Ìsinmi àìsàn, ọ̀sẹ̀ méjìlá, ìwé ìdójútòfò rẹ̀ ò ní kúrò, iṣẹ́ rẹ̀ yóò sì dúró dè é bí dókítà bá ní ojú rẹ̀ ti dáa. Ó wà nínú ìwé òṣìṣẹ́, ojú ewé kejìdínlógún. Ó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti gba gbogbo wa síṣẹ́. Èmi tí mo ń ka gbogbo ìwé tí ọwọ́ mi bá tẹ̀, n kò ka ìyẹn. Uncle ò béèrè, nítorí ìtìjú. Èmi ò béèrè, nítorí ọ̀wọ̀. Hajarah ò sọ, nítorí ẹ̀kọ́ ilé. Àwa mẹ́ta tí wọ́n tọ́ dáadáa.

Uncle kó irinṣẹ́ rẹ̀ sínú àpótí. Mo dọ̀bálẹ̀ sórí ilẹ̀ tí epo wà. Ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. Mo kọ́kọ́ rò pé kò rí mi.


Ọjọ́ Ẹtì, 3 Oṣù Kẹwàá

Wọ́n ti gbé mi sídìí Ẹ̀rọ Kẹrin. Àga Uncle kéré sí mi. Pin 3,350.


Ọjọ́bọ̀, 9 Oṣù Kẹwàá

Títí wọn yóò fi rí alábòójútó tuntun, Hajarah ni Denise ní kó máa wọn pin àkọ́kọ́. Lónìí ó dé ọ̀dọ̀ mi, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Bọ̀ọ̀dá." Mo na fọ́ọ̀mù sí i, mo ti kọ nọ́ńbà tèmi. Kò wò ó. Ó mú pin náà, ó nù ún, ó wọ̀n ọ́n, ó tún un wọ̀n.

"Ẹ má bínú, Bọ̀ọ̀dá. Kò pé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe òmíràn."

Ogún ọ̀rọ̀ ló dé ẹnu mi, tí gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọdún tí mo ti lò nídìí ẹ̀rọ. Mo gba pin náà, mo wọ̀n ọ́n: ó bá nọ́ńbà tí mo kọ sínú fọ́ọ̀mù mu. Nígbà náà ni mo rí i pé n kò nu epo kúrò lẹ́nu micrometer mi. Mo nù ún, mo tún wọn pin náà. Kò pé.

Mo ṣe òmíràn. Ó wọ̀n ọ́n, ó fọwọ́ sí i, ó kọjá sí ẹ̀rọ tó kàn. Gbogbo rẹ̀ ò tó ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ohun tí mo sá fún nìyẹn.


Ọjọ́ Àìkú, 12 Oṣù Kẹwàá

Uncle wà ní ìlà kejì ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹlòmíràn ló ka Bíbélì. Mo pè é lẹ́ẹ̀mẹfà lọ́sẹ̀ yìí. Aunty ló gbé e lẹ́ẹ̀kan, ó ní Uncle ń sùn, mo sì ń gbọ́ ohùn Uncle lẹ́yìn tó ń bá tẹlifíṣọ̀n jà.


Ọjọ́bọ̀, 16 Oṣù Kẹwàá, ìdájí

Fóònù mi dún lánàá nígbà ìsinmi oúnjẹ. Uncle ni. Kò dáhùn ìkíni mi.

"Wọ́n fẹ́ ṣe ojú òsì lọ́la. Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ wa ọkọ̀ bọ̀ wálé. Aunty rẹ ò lè gba highway."

"Mo ń bọ̀, sà."

"Ẹni tó máa wa ọkọ̀ ni mo ń wá. Mi ò sọ pé ká máa sọ̀rọ̀ nínú mọ́tò."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Aago mẹ́jọ. Má pẹ́."

Mo wálé, n kò sùn. Mo ti to ọ̀rọ̀ púpọ̀ jọ láti aago kan òru: bí mo ṣe máa tọrọ àforíjì, ohun tí mo máa kọ̀ láti tọrọ àforíjì fún, ohun tí mo máa bi í nípa Hajarah. Mo ti kọ wọ́n sínú ìwé mìíràn, mo sì ti fa ìwé ọ̀hún ya. Ojú rẹ̀ kan yóò wà lábẹ́ báńdéèjì, mo máa wa ọkọ̀, màá dákẹ́, màá gba ọ̀nà tó bá ní kí n gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ èyí tó jìn ni.

Aago méje kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ojú ọ̀run ti ń funfun lẹ́yìn ilé aládùúgbò. Mo ti pa fìtílà orí tábìlì. Ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ni mo fi kọ ìlà yìí.